Ẹsẹ̀ Ta Ló Ń Dún Lókè Àjà? Ìdáhùn sí Ìyá Ìkókó n'Íléṣà

Àbúrò wa, o ní láti òru tí o ti fi fóònù wo fíìmù ìyá àti ọmọ nínú ilé tí iwin ń gbé lo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ lókè àjà, tí orí ń fọ́ ọ. O ní ibi tí ìyá yẹn ti gbé ìrọ̀rí sókè lórí ọmọ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ. Ọmọ tìrẹ pé ọ̀sẹ̀ 5, ìyá ọkọ rẹ sì ní kí ẹ kó kúrò nílé, kí o máa ṣe ìṣọ́ òru, kí o sì gbààwẹ̀.

Ẹ má tíì kó. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Wọ́n á jẹ́ kó dákẹ́ lọ kánrin, kí etí òǹwòran fúnra rẹ̀ máa wá ariwo kiri. Ẹni tó fi íápíìsì wò ó láago 2 òru, etí rẹ̀ á ṣì máa wá a lẹ́yìn tó bá parí. Páànù tí oòrùn yan lọ́sàn-án á máa súnkì, á máa ta pá-pá lálẹ́. Eku ló sì sábà máa ń rìn lókè àjà: wọ́n ìyẹ̀fun síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀.

Orí fífọ́ yẹn ló ká wa lára jù, nítorí o kọ ọ́ pé jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ́rídọ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1921, William Wilmer, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ẹsẹ̀, tó ń rí àjèjì nínú ilé. Àṣé ààrò tó ń mú ilé wọn gbóná ló bàjẹ́, tó ń tú èéfín sílé. Tí orí fífọ́ náà bá ń rọlẹ̀ nígbà tí o bá wà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, tó tún bẹ̀rẹ̀ bí o ti délé, fura. Lónìí gan-an, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ síta, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu sàlẹ́ǹsà má kọjú sílé. Fèrèsé ṣíṣí nìkan ò tó.

Ní ti ìrọ̀rí, èrò tó já lù ọ́, tó sì ń kó jìnnìjìnnì bá ọ, wọ́pọ̀ lára abiyamọ. Sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì ọ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá ń pàṣẹ fún ọ, tàbí o bá ń rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ, tàbí o ò sùn rárá tí ara rẹ sì yá gágá, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ, kí wọ́n sì mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild lọ́jọ́ náà.

Kí Màmá máa gbàdúrà, àmọ́ a ò fọwọ́ sí ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ fún ìwọ. Fún wàrà ọmú sínú ife tó mọ́, dé e, kó má ju wákàtí 4 lọ. Kí Màmá gba ọmọ láago 9, kí o lọ sùn ní yàrá kejì di aago 1, kí fóònù rẹ sì wà lọ́wọ́ wọn.