Kí Ló Ń Fa Àmì Funfun Lára Fíìmù Tí Mo Fọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Fúnra mi ni mo ń fọ fíìmù dúdú-àti-funfun 35mm. Mo máa ń fi omi ẹ̀rọ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 30 gbáko, síbẹ̀ bó bá gbẹ tán, àmì funfun á wà káàkiri ara rẹ̀. Ṣé kí n fi kún àkókò yẹn ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Èyí tí ẹ̀ ń ṣàn yẹn ti pọ̀ jù pàápàá. Omi tó kẹ́yìn kàn án ni kí ẹ dá lẹ́bi. Bí ẹ̀kán omi bá gbẹ, calcium tó wà nínú rẹ̀ kì í bá a lọ; òun lẹ̀ ń rí yẹn.

Torí kí fíkísà, oògùn tó ń mú kí àwòrán dúró lára fíìmù, lè kúrò la ṣe ń ṣan án, kò sì gba omi púpọ̀. Ìlànà Ilford, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ni kí ẹ bu omi tí ìgbóná rẹ̀ bá ti oògùn yín mu sínú táńkì, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà 5, kí ẹ dà á nù. Omi kejì, ìgbà 10. Ìkẹta, ìgbà 20. Ó tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fíìmù kúrò lára ríìlì tí ẹ ká a sí, kí ẹ rì í sínú abọ́ omi distilled (tí kò ní calcium) tí ẹ po Photo-Flo tàbí Ilfotol mọ́ (oògùn tó ń jẹ́ kí omi ṣàn kúrò láìdá ẹ̀kán), mìlílítà 5 sí lítà kan, fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má fojú bù ú: bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á fi ipa sílẹ̀. Bí ríìlì bá sì bá a wọnú rẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ fíìmù tí ẹ bá tún fẹ́ ká sí i.

Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì so ó kọ́ síbi tí eruku kò sí, kí ẹ fi òmíràn tó wúwo fà á nísàlẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ so ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí omi lè gba etí tó ní ihò jáde, kó má gba àárín àwòrán. Ẹ má fi ìka tàbí rọ́bà nù ún! Gelatin, ìpele tó gbé àwòrán, máa ń rọ̀ púpọ̀ bí omi bá wà lára rẹ̀; ẹyọ iyanrìn kan lábẹ́ rọ́bà á fa ìlà láti àwòrán àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ìyẹn kò sì ṣeé fọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun? Eruku ló máa fẹ́ sí i.

Ní ti àwọn tó ti lámì, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lábẹ́ iná. Bó bá jẹ́ ojú tó ń dán ni àmì wà, ẹ mí hàà sí i, kí ẹ fi aṣọ ìnu-lẹ́ǹsì nù ún jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ ojú kejì, ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ tún un rẹ sínú omi tó mọ́ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ wá tún un rì sínú Photo-Flo. Púpọ̀ nínú wọn á lọ. Èyí tí ẹ̀kán omi ti sọ gelatin rẹ̀ di wíwọ́ lè má lọ mọ́.