Ta ni kí n sọ fún nípa ìyá tó ń jókòó sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Ẹ ní ìyá àgbà kan máa ń jókòó sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà yín ní Òṣogbo, abọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ẹ ò sì mọ ẹni tí ẹ máa sọ fún.

Bí páríìṣì yín bá ní Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul, àwọn ni kí ẹ lọ bá. Frédéric Ozanam àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ bá aláìní nílé ní méjì-méjì, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ń wá ni, tàbí oògùn, tàbí owó ilé. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún Fádà.

Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ìyá yẹn, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Nínú Lúùkù orí 16, a ò kà á pé ọlọ́rọ̀ na Lásárù tàbí pé ó lé e. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Lásárù dùbúlẹ̀ sí, tí ajá ń lá egbò rẹ̀. (Lásárù lórúkọ níbẹ̀; ọlọ́rọ̀ ò ní.)

Ọjọ́ Àwọn Tálákà Lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àjọ̀dún Kristi Ọba nínú ìjọ Àgùdà. Ẹ má dúró dè é.