Èsì: Ohùn tó ń dẹ́rù bani nínú orin òkè Alps

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní níbo ni ẹ̀rù inú orin Sturmpercht, ẹgbẹ́ olórin ará Austria yẹn, ti ń wá. Orúkọ wọn ti sọ díẹ̀: Percht dà bí eégún ìgbà òtútù níbẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú igi oníwo àti agogo nídìí, tó ń lé òtútù lọ.

Nínú orin òkè Alps, àwọn òkè ńlá tó gba Austria kọjá, lápapọ̀, fèrè alphorn ni kí ẹ tẹ́tí sí jù. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó máa ń gùn ju mítà 3 lọ, kò sì ní ihò ìka kankan. Ètè àti èémí ló ń yí ohùn rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ka àwọn ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìkọkànlá kì í bá ohùn dùùrù mu rárá. Bó bá ti dún báyìí, ara mi á bù máṣọ! Ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, fóònù lásán kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde.