Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí A Ṣe Ń Wọ Iṣẹ́ Rélùwéè ní Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ìlú Houston ni mo ń gbé, ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi pé, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo sì ń wà jẹun láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Iṣẹ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ lórí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ló wù mí. Mo ti kọ̀wé béèrè fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi, pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé mi pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí. Kí ni wọ́n ń wá tí n kò ní?

ÌDÁHÙN: A kí yín o. Ìfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àwọn agbanisíṣẹ́ rélùwéè ń wá. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí yóò gbé fóònù ní aago méjì òru, tí yóò dé ibi iṣẹ́ lásìkò, tí yóò sì tẹ̀lé òfin nígbà tí ọ̀gá kankan kò sí nítòsí. Ìwé yín kò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kọ́ńdọ́kítọ̀ níbí kì í ṣe agbowó ọkọ̀; òun ni ó ń bójú tó ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ń wà á. Ẹ wo bí ayé kọ́ńdọ́kítọ̀ tuntun ti rí. Kò ní ọkọ̀ kan pàtó tí ó jẹ́ tirẹ̀. Orí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní extra board ni orúkọ rẹ̀ yóò wà, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn tàbí tí wọ́n bá nílò òṣìṣẹ́ fún ọkọ̀ tí wọn kò retí, ẹni tí ó kàn ni wọn yóò pè, ìbáà ṣe ọjọ́ Àìkú, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ lò ju wákàtí 12 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10, ó kéré tán, láìsí ìpè kankan láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé òru ni ìsinmi ọ̀hún gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán, owó tí ilé iṣẹ́ ná sì ti wọgbó nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń ka ìwé yín fi ń béèrè lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ‘Ṣé eléyìí yóò dúró?’

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn! Nínú ìwé yín, gbólóhùn kan péré ni ẹ fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: ‘Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ kára ni mí.’ Kò sí ẹni tí kì í kọ irú rẹ̀. Ẹ fi ohun tí ó dà báyìí rọ́pò rẹ̀: ‘Òru ni mo máa ń wakọ̀ láti Houston sí Dallas. Mo máa ń yẹ búréèkì, táyà àti iná wò kí n tó gbéra, mo sì máa ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. N kò tíì fa jàǹbá kankan.’ Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni o, nítorí pé wọn yóò yẹ àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ yín wò. Òfin ní kí ilé iṣẹ́ wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bóyá wọ́n ti dá ẹnì kan lẹ́bi ọtí tàbí oògùn nídìí ọkọ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí kọ́ńdọ́kítọ̀ tàbí ti awakọ̀ ojú irin. Ní ti ìfẹ́ ìgbà èwe, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi àyè rẹ̀ kọ iṣẹ́ ìta gbangba tí ẹ ti ṣe nínú òjò, nínú oòrùn àti nínú òtútù.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má ṣe retí ìbéèrè lórí ẹ̀rọ ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, àwọn náà ni yóò sì kọ́ yín. Ìbéèrè tí ó dájú jù ni èyí: ‘Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹnì kan fẹ́ kí ẹ fo òfin kí iṣẹ́ lè yá.’ Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fèsì pé àwọn kì í rú òfin. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó ní kí ẹ ṣe é, ohun tí ẹ sọ fún un àti bí ó ṣe parí, títí kan ìyà tí ẹ jẹ nítorí rẹ̀ bí ó bá wà.

Kì í ṣe eré ni wọ́n ń fi ìbéèrè yìí ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2013, ọkọ̀ ojú irin kan tí ó kó epo rọ̀bì, tí wọ́n gúnlẹ̀ sórí òkè láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, yí fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú Lac-Mégantic ní Kánádà, ó sì pa ènìyàn 47. Búréèkì ọwọ́ tí wọ́n fà kò tó láti dá a dúró. Ní Amẹ́ríkà náà, bí àwọn atúnṣe bá wà lábẹ́ wágọ́ọ̀nù tàbí láàárín wọn, wọn yóò gbé àmì búlúù síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àmì náà bá ṣì wà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí ó láṣẹ láti yọ ọ́ bí kò ṣe ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ tí ó gbé e síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè yọ ọ́ nítorí pé ‘kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́’ lè fi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ìbéèrè yẹn ṣẹ́ kúrò.

Ohun kan ṣì kù. Ojú ilé iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo ni ẹ ń wò. Ilé iṣẹ́ rélùwéè kéékèèké bíi 600 ló wà ní Amẹ́ríkà. Ní Houston tí ẹ wà gan-an, ẹ ní ilé iṣẹ́ PTRA (Port Terminal Railroad Association) tí ó ń to wágọ́ọ̀nù ní agbègbè èbúté. Ẹ̀ka atúnṣe ojú irin àti ti àwọn tí ń yẹ wágọ́ọ̀nù wò tún wà nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fúnra wọn. Èmi ì bá gba èyí tí ó bá kọ́kọ́ ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí kí ẹ tó wọlé: ní rélùwéè, ọjọ́ tí ènìyàn wọṣẹ́ ni ó ń pín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tí ó ṣáájú yín ní ọjọ́ kan péré ni yóò kọ́kọ́ yan iṣẹ́ àti ìsinmi, bí ẹrù bá sì dínkù, àwọn àbúrò ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ jókòó sílé. Bí ẹ bá sì kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, àbúrò ni ẹ óò tún padà jẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé àṣẹ ọkọ̀ akẹ́rù yín kú lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín. Ẹ lè tún nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Chicago ni mo wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois ti fọwọ́ sí igbó mímu, mo sì máa ń mu díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé ó lè dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́ rélùwéè?

ÌDÁHÙN: Yóò dí yín lọ́wọ́. Lóòótọ́ ni Illinois fọwọ́ sí i láti oṣù kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ni ó de òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin, òfin yìí kò sì ka ti ìpínlẹ̀ sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò yẹ ìtọ̀ yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè pè yín fún àyẹ̀wò láìròtẹ́lẹ̀ nígbàkígbà lẹ́yìn náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń yẹ irun wò pẹ̀lú, irun sì máa ń pa ohun tí ènìyàn ti lò láti bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mọ́. Bí ẹ bá kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, bí ẹni tí ó fìdí rẹmi ni wọn yóò kà yín sí. Bí ẹ kò bá lè jáwọ́ pátápátá, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin ni mí, awò ojú ni mo ń lò, ara mi kò sì tóbi. Ṣé wọ́n lè gbà mí láti máa wa ọkọ̀ ojú irin?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, awò kì í ṣe ìdènà. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan ríran dé ìwọ̀n 20/40 lọ́ọ̀ọ́kán, yálà pẹ̀lú awò tàbí láìsí i, kí ẹ sì lè dá àwọ̀ iná àmì mọ̀ yàtọ̀ síra wọn. Wọn yóò yẹ etí wò pẹ̀lú. Ní ti agbára, ẹ wo knuckle, ìyẹn irin tí ó so wágọ́ọ̀nù kan mọ́ èkejì. Ó tó bíi 80 pọ́n-ùn, bí ó bá sì ṣẹ́ lójú ọ̀nà, kọ́ńdọ́kítọ̀ ni yóò gbé òmíràn lọ rọ́pò rẹ̀, nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìdánwò agbára kí wọ́n tó gbani, àwọn obìnrin sì ń yege nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù wúwo ṣe eré ìmárale láti ìsinsìnyí, ní pàtàkì ti ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ̀wé béèrè fún ipò awakọ̀ tààrà. Ní àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù ńlá, láàárín àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yan àwọn tí wọn yóò kọ́ ní ìwakọ̀, nígbà tí ó bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ipò kọ́ńdọ́kítọ̀ ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá bi yín nípa ìwakọ̀, ẹ sọ pé ẹ ti ṣetán láti dúró de ìgbà tí yóò kàn yín.