Àpótí tó yẹ bátìrì lítíọ́mù inú ọkọ̀ ojú omi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ewu omi. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì lítíọ́mù 12-volt, 100Ah, fún mọ́tò iná tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ yín lórí omi ìsédò Ìtàpájì. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kàn gbé e sínú àpótí ike tí bátìrì ásíìdì yín àtijọ́ wà, tàbí kí ẹ wá àpótí onídèérí tí afẹ́fẹ́ kò lè gba ibì kankan wọ̀ rà, kí omi má baà kàn án. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo irú bátìrì yìí lórí omi ìsédò tó wà ní Ìkún-Èkìtì, àpótí mẹ́ta ni mo sì ti lò sẹ́yìn kí n tó rí èyí tó bá a mu. Èyí tí ẹ ní nílé ṣeé lò, bí ẹ bá lè mú kí bátìrì náà dúró gbọn-in nínú rẹ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí owó àti ìpayà ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀ yìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú bátìrì tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí orúkọ kan náà ni àwọn ọlọ́jà ń pe oríṣi méjì tí ìwà wọn kò jọra. Èyí tí mò ń lò ni èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe, tí wọ́n máa ń kọ LiFePO4 sí lára. Ọmọ inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2 volt, mẹ́rin ni wọ́n sì so pọ̀ tó fi di 12.8. Oríṣi kejì ni irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí ọmọ inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 3.7 volt, òun ni iná tètè ń mú jù, tí pípa rẹ̀ sì ṣòro. Bí ẹnikẹ́ni bá tu bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù jọ, tó wá fi ṣe bátìrì ọkọ̀ tà fún yín, kò sí àpótí tí mo lè júwe tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀ pé ẹ gbé e wọ ojú omi. Ẹ yẹ ara bátìrì tiyín wò dáadáa.

Àpótí tí mo kọ́kọ́ lò, irin ni. Wẹ́dà kan ní Ọ̀tùn ló bá mi fi páànù jó o, ó sì dára lójú: ó ní kọ́kọ́rọ́, olè kò lè tètè gbé e, mo sì kùn ún ní ọ̀dà. Ohun tí n kò rò ni pé àlàfo tó wà láàárín ìdérí rẹ̀ àti orí bátìrì kò ju ìka méjì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin tó ń bá mi da àwọ̀n gbé ẹsẹ̀ lé ìdérí náà, kí ó lè rí ibi fẹsẹ̀ tì fa àwọ̀n tó há mọ́ kùkùté abẹ́ omi. Páànù náà tẹ̀ wọnú, ó sì kan orí pọ́sítíìfù àti orí nẹ́gẹ́tíìfù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún “páà”, iná bùlúù tàn yẹ̀rì bí ìgbà tí wẹ́dà bá ń jó irin, òórùn ọ̀dà tó jóná sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, díẹ̀ ló sì kù kí ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú wa. Ohun tó yọ wá ni pátákó ìṣọ́ kékeré tí wọ́n ń fi sínú bátìrì lítíọ́mù, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní BMS. Òun ló já iná náà kí a tó ṣẹ́jú. Ìdérí yẹn ṣì wà nílé mi. Ojú méjì ni iná ti jẹ ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó hóró àgbàdo.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí irin sún mọ́ orí bátìrì mọ́ nínú ọkọ̀ mi. Bátìrì lítíọ́mù kì í rọra tú iná rẹ̀ sílẹ̀: bí orí méjèèjì bá kan irin, iná tó máa tú jáde lójú kan náà lè ju ẹgbẹ̀rún ampere lọ. Bátìrì ásíìdì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń gbé e láti kékeré ti mọ̀ ọ́n lára, a mọ ibi tí a kì í gbé sípánà lé. Èyí tuntun yìí fúyẹ́, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń jọ ohun tí kò lè pa èèyàn lára.

Mo ju àpótí irin náà nù, ìdérí rẹ̀ nìkan ni mo tọ́jú, mo wá bọ́ sí ohun tí ẹ̀yin náà ń rò lọ́kàn báyìí. Kúlà tí wọ́n fi ń gbé yìnyín ni mo rà, èyí tí ara rẹ̀ nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ń dé pinpin. Mo lu ihò kan fún wáyà, mo sì fi gọ́ọ̀mù dí i yíká. Omi kò wọ̀ ọ́, lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí oṣù kejì wọlé, tí oòrùn Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bó ṣe máa ń ta kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá so bátìrì mọ́ sólà létí omi, yóò gba iná títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà kò ní gbà á mọ́. Mo gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún mi ní Adó-Èkìtì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó tutù, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí àbùkù kankan, mo wá gbé e padà sílé bí ẹni tó parọ́. Ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú kúlà náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀. Ara bátìrì gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Fóòmù tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé bá yìnyín, kì í jẹ́ kí ooru jáde lára bátìrì. Bí ẹ bá ka ìwé tó bá ọ̀pọ̀ bátìrì irin-fọ́sífétì wá, ẹ óò rí i pé wọn kì í fẹ́ kí a fi iná sí i bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá 45°C. Pátákó ìṣọ́ inú rẹ̀ ló ń pa ilẹ̀kùn dé, tó ń dúró kí ara bátìrì tutù.

Kúlà náà tún ní àbùkù kejì, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù. Bí mo bá ṣí i láàárọ̀ kùtù, mo máa ń rí omi wínníwínní lábẹ́ ìdérí, bí ìgbà tí ìrì bá sẹ̀ sára ewé. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tó bá mi wọlé nígbà tí mo ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, ó sì di omi lóru. Láàárín oṣù mẹ́ta, kọ́pà tó wà ní ẹnu wáyà mi ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n, kò sí àpótí tí ẹ máa ń ṣí lórí omi tí omi kò ní wọ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ohun tí ẹ óò wá nínú àpótí ni pé kí omi tó bá wọlé rí ọ̀nà jáde.

Ní ibí yìí ni bátìrì ásíìdì àti lítíọ́mù ti yà sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n torí pé àpótí ásíìdì ni ẹ ní nílé. Bí iná bá ń wọ bátìrì ásíìdì, ó ń mí háídírójìn síta, afẹ́fẹ́ tí iná lè gbé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń lu ihò sí òkè àpótí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jò, kí ásíìdì má baà ṣàn sínú ọkọ̀. Lítíọ́mù irin-fọ́sífétì kì í mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá le, kò sì ní omi ásíìdì tó lè dà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ lè dí i pa. Mo ta kò wọ́n. Bí ọmọ inú bátìrì kan bá bàjẹ́, tó gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ tí yóò tú jáde lè gbiná, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ó wà nínú àpótí tí kò ní ojú ihò kan. Ẹ jẹ́ kí ihò òkè wà, kí ẹ sì lu ihò kékeré méjì sí ìsàlẹ̀ fún omi, ohun tí ẹ kò lè dán wò nígbà tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ méjì gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, kí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má baà gba ihò yẹn gòkè.

Àpótí mi kẹta ló dà bíi tiyín gan-an: àpótí ike bátìrì ásíìdì, tó ní ihò lókè. Ohun tó ṣe mí níbẹ̀ kò ní ariwo, ṣùgbọ́n òun ni mo ń bẹ̀rù jù títí di òní. Bátìrì ásíìdì mi àtijọ́ wúwo tó kílógíráàmù 28. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ó jókòó nìyẹn. Lítíọ́mù tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò tó kílógíráàmù 12, ó sì kéré sí àpótí náà ní ìka mẹ́ta níhà kan. Láti Ọ̀tùn dé etí omi, ẹ̀yìn ọkàdà ni mo ń so ó mọ́, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Gbogbo gègélé ló ń gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, nígbà tí a bá sì dé orí omi, ìgbì ń bá a lọ. Nọ́ọ̀tì orí pọ́sítíìfù rọra ń tú. Bí ìdè bá ti dẹ̀ báyìí, iná kì í ráyè kọjá dáadáa, ibẹ̀ ló sì ti ń gbóná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láàárín omi, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná, mo ṣí àpótí, mo rí i pé ike tó yí ẹsẹ̀ orí bátìrì ká ti rọ̀ bí orí àbẹ́là. Pátákó ìṣọ́ kò rí ìyẹn rárá, nítorí pé iná náà kò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àyè tó ń gbà ló há.

Ìdúró gbọn-in ni mo wá fi ṣáájú nínú àpótí tí mò ń lò báyìí, kí n tó ronú kan omi. Àwọn tó ń ṣe òfin iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ní kí bátìrì má lè sún kọjá ínǹṣì kan bí a bá fi agbára bíi kílógíráàmù 40, tàbí ìlọ́po méjì ìwúwo bátìrì náà, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì, fà á, mo sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fa tèmi láti wò ó. Mo gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àlòkù, mo há a sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe yíká gbogbo ara rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rí ẹ̀gbẹ́ bátìrì fẹ́ sí. Mo fi bẹ́líìtì gbà á lókè, mo sì fi bóòtì so bẹ́líìtì náà mọ́ pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ike àpótí náà nípọn. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kì í tẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ. Ìdérí rẹ̀ ga ju orí bátìrì lọ ní ìka márùn-ún, a sì ti fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e. Àwọn àpótí tí wọ́n kó ojú tí a fi ń fi iná sí fóònù àti ojú ìwọ̀n iná sí ìdérí kò wù mí. Ihò lásán ni wọ́n fún omi.

Fiúsì ńkọ́? Ẹ fi sí i, ẹ fi sínú àpótí náà, kí ó sún mọ́ orí pọ́sítíìfù débi pé wáyà tó wà láàárín wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Wáyà tó wà ṣáájú fiúsì kò ní olùgbèjà. Mọ́tò tí mò ń lò, tí agbára tó fi ń ti ọkọ̀ jẹ́ 55 lb, ń fa nǹkan bíi 50 ampere bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, 60 ampere ni fiúsì mi sì jẹ́. Kì í ṣe fiúsì onígíláàsì tí àwọn ríwáyà ń fi sí rédíò o. Èyí tí wọ́n ṣe fún bátìrì ńlá ni kí ẹ béèrè. Ibi tí wáyà bá ti gba ara àpótí jáde, ẹ fi rọ́bà roboto yí i ká, kí etí ike má baà máa jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè fún oṣù méjì, mẹ́ta, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú rẹ̀, kí iná inú rẹ̀ wà ní ìdajì, kí ẹ gbé e sí ibi tó tutù nínú ilé, tó jìnnà sí bẹntiróòlù àti sí ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà sá jáde.

Nípa àpótí tó wà nílé yín, ẹ kọ́kọ́ pò kánún mọ́ omi, kí ẹ fi fọ inú rẹ̀. Ibi tí ásíìdì bá kù sí, yóò hó. Ẹ máa dà á sí i títí tí kò fi ní hó mọ́, ẹ ṣàn án, ẹ sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bátìrì yín pẹ̀lú wáyà lórí rẹ̀, torí ibi tí wáyà ti tẹ̀ kọrọ̀ lókè ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọ̀n. Bí àlàfo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò bá ju ìka méjì lọ, ẹ há a, kí ẹ sì lò ó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé bátìrì náà dání lọ sí ọjà, kí ẹ gbé e sínú àpótí tuntun níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ dé e, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.