Yúnìtì 26 ni mo kó jọ, 24 ni wọ́n gbà: èwo ni kí n yọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀dọ̀ màmá mi, tí ń ta gaàrí ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mò ń gbé, Ṣágámù sì ni a ó ti máa lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo fìdí rẹmi nínú CHM 101, ìyẹn Chemistry ọdún kìn-ín-ní, ní èṣí. Kọ́ọ̀sì ọdún kejì jẹ́ yúnìtì 22, Chemistry jẹ́ 2, kọ́ọ̀sì àṣàyàn kan tí mo fẹ́ mú jẹ́ 2, ṣùgbọ́n portal, ìkànnì tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, kò gbà ju 24 lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi Chemistry sílẹ̀ di ọdún kẹta, pé máàkì kọ́ọ̀sì àṣàyàn yẹn máa ń pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé mo sì tún lè máa ran màmá mi lọ́wọ́ lọ́jà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́ọ̀sì àṣàyàn yẹn ni kí o yọ. Chemistry ni kí o kọ́kọ́ fi sórí fọ́ọ̀mù, kí o tó fi ohunkóhun mìíràn tẹ̀ lé e. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n n óò sọ ìdí rẹ̀, torí pé irú ọ̀rọ̀ yìí yóò tún yọjú ní ọdún kẹta, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ nìkan ni yóò wà níwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà.

Yúnìtì 24 tí portal dúró lé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ni ọ́ lára. Òun ni òdiwọ̀n tó ga jù tí àwọn yunifásítì wa ń lò fún sẹ̀mẹ́sítà kan, bí 15 ṣe jẹ́ èyí tó kéré jù. Yúnìtì kan dúró fún wákàtí 15 nínú kíláàsì láàárín sẹ̀mẹ́sítà, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, wákàtí 45 ni. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí méjì nínú yúnìtì 22 rẹ bá jẹ́ ti wọ́ọ̀dù, tí a sì pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 20 ni kíláàsì yóò gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀, wọ́ọ̀dù yóò gba 6, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26. Chemistry sọ ọ́ di 28. A kò tíì ka wákàtí tí o máa fi ka Anatomy (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara) àti Physiology (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) nílé, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka èyí tí o máa lò nínú ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù. Ẹni tó bá ní kí o tún wá ọ̀nà ẹ̀bùrú fi méjì lé e kò fẹ́ràn rẹ.

Ìdí tí Chemistry kò fi lè dúró ni pé nǹkan mìíràn ń dúró dè é. Biochemistry tí o fẹ́ ṣe lọ́dún yìí kò ní yé ẹni tí kò mọ ohun tí ásíìdì jẹ́ àti bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra wọn, Pharmacology, ẹ̀kọ́ nípa oògùn, tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì gùn lé Biochemistry àti Physiology. Bákan náà ni Foundation of Nursing ṣe jẹ́ ilẹ̀kùn Medical-Surgical Nursing: ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn aláìsàn àti bí a ṣe ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò lè tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ. Màmá rẹ mọ̀ ju èmi lọ pé bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin kò bá pẹ́ tó nínú àpò kí ó kan, kò sí bí wọ́n ṣe lè yan án tí yóò fi jẹ́ gaàrí Ìjẹ̀bú. Ó tún ku ohun kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò rò: sẹ̀mẹ́sítà kìn-ín-ní nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ́ CHM 101. Bí o bá jẹ́ kó kọjá báyìí, odindi ọdún kan ni, ìgbà yẹn ni Medical-Surgical yóò sì ti gba gbogbo ara rẹ.

Ní ti máàkì tó ń pọ̀, mo mọ̀ pé orí GP, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ, ni ọkàn rẹ wà. Lórí òdiwọ̀n 5, A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, a ó sì fi iye yúnìtì kọ́ọ̀sì náà sọ ọ́ di púpọ̀ kí a tó fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Bí Anatomy bá jẹ́ yúnìtì 4, C yóò fún ọ ní 12, B yóò fún ọ ní 16. Mẹ́rin tí o jèrè yìí kò bu yúnìtì kankan kún ohun tí wọ́n máa fi pín in. Ibẹ̀ ni kí o da agbára sí. Má sì gbàgbé pé ní ọ̀pọ̀ ibi, 50 ni máàkì tí a fi ń yege nínú kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì, kì í ṣe 40 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ẹ̀ka mìíràn ń gbà tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó lè dí ọ lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni àkókò. Àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ni o máa bá jókòó nínú Chemistry, ẹni tó sì to tímútébù (ètò àkókò kíláàsì) wọn kò mọ̀ pé o ní wọ́ọ̀dù ní Ṣágámù. Tẹ́ tímútébù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí o fi bírò pupa yí ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn ká, kí o sì mú un lọ bá adviser rẹ, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n tó pín ọjọ́ posting, ìyẹn ọjọ́ wọ́ọ̀dù, nítorí pé ó rọrùn láti gbé ọ sí ọjọ́ mìíràn kí orúkọ tó jáde ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Wákàtí wọ́ọ̀dù kò ṣeé fi ẹnu san. Ẹni tó bá ń bẹ nọ́ọ̀sì àgbà pé kí wọ́n bá òun buwọ́ lu ìwé ọjọ́ tí òun kò wá, iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń jí. Bí o ti jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, mo lè sọ èyí fún ọ láìṣàlàyé púpọ̀: wo ọjọ́ tí Agẹmọ yóò rìn àti ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kí o tó gbà láti wà ní Ṣágámù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìforúkọsílẹ̀ gan-an wá ńkọ́? San owó ilé ẹ̀kọ́, wọlé sórí portal ní ìdájí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì kún, kí o sì yan kọ́ọ̀sì rẹ fúnra rẹ. Má ṣe fi í lé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní kafé lọ́wọ́. Owó títẹ̀ ló gbà, kò gba owó ìmọ̀ràn. Ka kóòdù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì lọ́wọ́, torí pé kóòdù ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ti iṣẹ́ àfọwọ́ṣe kọ́ọ̀sì kan náà lè yàtọ̀ síra pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nígbà tí èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ni a fi ń ṣe é. Mo gbàgbé láti kọ kóòdù iṣẹ́ àfọwọ́ṣe kan, mo ṣe gbogbo rẹ̀, mo jókòó sí ìdánwò, èsì jáde láìsí tèmi. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ mi. Kọ́ọ̀sì tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù, o kò ṣe é. Nítorí náà, tẹ fọ́ọ̀mù rẹ síta, kí adviser, olórí ẹ̀ka àti díìnì buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ títí o ó fi gboyè.

Ohun kan wà tí o kò bi mí, ó sì ṣe pàtàkì ju portal lọ. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Council. Indexing ni wọ́n ń pe èyí, ẹni tí kò sí lára rẹ̀ kò lè jókòó sí ìdánwò ìgbàwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, bó ti wù kí GP rẹ̀ ga tó. Council ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, nítorí náà má ṣe rò pé orúkọ gbogbo kíláàsì ló máa wọlé. Lọ béèrè ní ọ́fíìsì ẹ̀ka rẹ, kí o sì rí i fúnra rẹ pé orúkọ rẹ, ìtò rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ bá ti WAEC àti NIN mu. Mo ti rí ẹni tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ bàbá rẹ̀ sọ di oníbùúra ní kóòtù.

Àwọn tó wà ní Babcock ní Ìlíṣàn yóò fi kún ètò wọn pé kíláàsì kì í wáyé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí oòrùn fi máa wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ìyókù ọ̀sẹ̀ sì gba ohun tó ṣẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé-ẹ̀rí, tó gba Direct Entry wọ ọdún kejì, ní láti béèrè kọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní tí yóò ṣì ṣe kí ó tó fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló kù. Ran màmá rẹ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí o kò ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n sọ iye wákàtí fún un láti ìsinsìnyí, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò wá ẹlòmíràn dúró tì í. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò, má lọ rárá. Yóò yé e. Lọ́la, kí wọ́n tó ti portal, mú èsì ọdún kìn-ín-ní rẹ, tímútébù méjèèjì àti owó fọ́tò-kọ́pì dání, kí o lọ rí adviser rẹ.