Òjò Dídì Pọ̀ Lórí Òkè: Báwo Ni Odò Yóò Ṣe Kún Tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnjiníà ni mí, ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ gbé afárá kan sórí odò òkè tó jẹ́ pé omi òjò dídì tó ń yọ́ ló ń ṣàn wọ̀ ọ́. Àkọsílẹ̀ ìṣàn odò náà kò ju ti ọdún 14 lọ. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wo bí òjò dídì ṣe ga tó lórí òkè, kí n fi ìyẹn sọ bí odò yóò ṣe kún tó lọ́dún tó bá burú jù. Ṣé ọ̀nà nìyẹn?
— Ẹnjiníà Kékeré

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí ọ̀gá rẹ, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ló fi hàn ọ́. Mítà méjì òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè má ju mìlímítà 200 omi lọ tó bá yọ́. Mítà méjì kan náà nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tó ti wọra tó sì ti ki, lè fún ọ ní 800. Bó ṣe wúwo tó ni kó o wádìí, kì í ṣe bó ṣe ga tó. James Church, olùkọ́ èdè Látìn ní Yunifásítì Nevada, ló mú kí èyí yé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: ó ń gun Òkè Rose, ó ń ki páìpù bọ inú òjò dídì, ó sì ń wọn ohun tó bá bá páìpù jáde. (Olùkọ́ Látìn o! Àwa ẹnjiníà dà nígbà yẹn?) Lónìí, ibùdó SNOTEL, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wọn òjò dídì fúnra rẹ̀, tó ju 800 lọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ sì ni kíka òǹkà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: iye omi tó wà nínú òjò dídì, iye ọjọ́ tí odò yóò fi kún ló ń sọ. Bí yóò ṣe kún tó, ooru ló ń sọ ìyẹn. Dúrọ́ọ̀mù ńlá àti dúrọ́ọ̀mù kékeré tí ẹnu ẹ̀rọ wọn dọ́gba, èyí tó tóbi á kàn pẹ́ kó tó tán ni.

Ká ṣírò ó. Ká ní ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò yín fẹ̀ tó kìlómítà 150 níbùú lóòró, tí òjò dídì bo 90 nínú rẹ̀, tí ìpíndọ́gba ooru ọjọ́ náà sì fi dígírì 7 ju ibi tí yìnyín ti ń yọ́ lọ. Dígírì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń yọ́ mìlímítà 2 sí 6 lójúmọ́, mú 4. Mìlímítà 28 nìyẹn. Mìlímítà omi kan lórí kìlómítà kan níbùú lóòró jẹ́ kúbíkì mítà 1,000, torí náà o ní 2,520,000 lọ́jọ́ kan. Fi ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 pín in, ó di nǹkan bíi kúbíkì mítà 29 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí omi inú òjò dídì ọdún yẹn bá jẹ́ mìlímítà 800, á tó ọjọ́ 29 kó tó yọ́ tán. Bó bá jẹ́ 1,600, á lé ní ọjọ́ 57, síbẹ̀ 29 náà ni odò á máa gbé. Mi ò ní pípọ̀ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan o: èyí tó bá pọ̀ máa ń wà nílẹ̀ títí di oṣù Kẹfà tí oòrùn ti mú jù, ìgbà yẹn ni odò ń gbéra.

29 yẹn, ìpíndọ́gba ọjọ́ ni. Oòrùn ń yọ́ ọ lọ́sàn-án, òtútù ń dì í lóru, odò á wá ga jù nírọ̀lẹ́ tàbí lóru, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí omi ní láti rìn bá ṣe jìn tó. Má sì fi tẹmómítà ẹsẹ̀ òkè ṣírò ti orí òkè. Bí o bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru á fi nǹkan bíi dígírì 6 dín. Pín òkè náà sí ìpele ìpele, kó o ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Eruku náà ń kó bá ni: òjò dídì tuntun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ṣùgbọ́n èyí tí eruku aṣálẹ̀ bá bà lé, bó ṣe máa ń rí lórí àwọn òkè San Juan lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, á gba ooru sára, á sì yọ́ ṣáájú ìgbà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ ni ọdún 14 yẹn. Má kó ìkún ọdọọdún jọ sójú kan kó o wá fa ìlà láti àárín wọn lọ dé ìkún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìyẹn èyí tó ṣeé ṣe kó wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú 100 lọ́dún kan. Wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyé. Ti oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, òjò dídì ló sábà máa ń fà á. Ti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òjò ààrá ni, kò sì bá ti àkọ́kọ́ tan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1976, òjò tó tó mìlímítà 300 rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sí odò Big Thompson ní Colorado. Nǹkan bíi kúbíkì mítà 880 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló gba ẹnu àfonífojì náà jáde, ènìyàn 144 ló sì bá a lọ. Kò sí ìṣirò òjò dídì tó lè fi irú rẹ̀ hàn ọ́.

Ṣírò méjèèjì lọ́tọ̀ kó o tó pa wọ́n pọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe kí ìkún òjò dídì dé abẹ́ afárá yín lẹ́ẹ̀kan nínú 100 lọ́dún kan, tí ti òjò ààrá náà sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 100, àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2 nínú 100. Afárá tí ẹ ń pè ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún ti di ti àádọ́ta nìyẹn.

Bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,300 lọ, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀. Robert Jarrett, tó bá USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, ṣiṣẹ́, yẹ àwọn odò Colorado wò, ó sì rí i pé ìkún òjò ńlá ṣọ̀wọ́n lókè ibẹ̀. Òjò dídì ló jọba níbẹ̀. Kì í ṣe òfin Mósè ṣá o. Kó o tó fọwọ́ sí ìwé kankan, fi ẹsẹ̀ rẹ rin etí odò náà, wo ibi tí omi kó òkúta àti ìtì igi dé tó ga jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní òjò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń yọ́ òjò dídì kíákíá. Ṣé lóòótọ́ ni?
— Àwa Agùnkè

Ìdáhùn: Omi òjò fúnra rẹ̀ kọ́. Mìlímítà 50 òjò, ká tiẹ̀ ní ó gbóná tó dígírì 10, nǹkan bíi mìlímítà 6 péré ló lè yọ́. Afẹ́fẹ́ tó gbé e wá ni kí ẹ mú. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn ń di omi lára òjò dídì, ooru tí kìlógíráàmù kan rẹ̀ bá sì tú sílẹ̀ tó láti yọ́ kìlógíráàmù méje. Lẹ́yìn náà ni omi òjò yóò wá gùn ún. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, òjò rọ̀ sórí òjò dídì tó ti gba omi sára lágbègbè Yellowstone. Odò Yellowstone ga dé fẹ́ẹ̀tì 13.88 ní Corwin Springs ní ìpínlẹ̀ Montana, 11.5 ti ọdún 1918 ló ga jù tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ọgbà Yellowstone ni wọ́n tì. Tí ẹ bá wà lórí òkè lásìkò bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò sinmi lóru, tí òjò dídì ò sì gan lówùúrọ̀, ẹ má pàgọ́ sétí odò.